Nítorí Omi Mímu Ni Mo Ṣe Kúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn mí. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì kékeré tí ọmọ ọmọ mi ń lọ ní Gwarinpa níbí, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ òfin ilé ìwé síbẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Ọ̀kan nínú òfin náà ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gbọdọ̀ gbé ike omi wọ kíláàsì. Èyí tó tẹ̀ lé e ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àfi lásìkò ìsinmi. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú òfin yẹn, tí mo bá ń mú ọmọ lọ, tí mo bá ń mú un bọ̀. Mo ti ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí nílé wa ní ìpínlẹ̀ Kogi kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ilé ìwé tí kò ní irú òfin báyìí lára ògiri rẹ̀.

Èmi àti ọmọ náà la jọ máa ń rìn. Bàbá rẹ̀, ìyẹn ọmọ mi ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Idu. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn méjèèjì ti ń sáré jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má bàa ká wọn mọ́ ojú títì. Lẹ́yìn tí bàbá ilé wa kú ni wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo ọmọ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn ló di ọdún gorí ọdún. Mi ò bínú. Ta ni mo fẹ́ bá gbé nílé, àwọn ewúrẹ́?

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ SS. Mo sọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀ torí mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ kí n rọra sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ti sú mi. Ṣé òun ló lọ ra ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ lọ́jà ni? Bí òtútù bá mú un, bí ó bá ṣe wàhálà jù, bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, irú ìrora tí àgbàlagbà gan-an á fi ké pe ìyá rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: kó lo oògùn rẹ̀, kó jẹun dáadáa, kó sì máa mu omi láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó bá ń mu omi láti àárọ̀ di alẹ́, á tọ̀. Ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó kàwé?

Ilé ìwé sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí a mú un wọlé, ìyàwó ọmọ mi sọ fún ọ̀gá ilé ìwé lójú mi, ó tún sọ fún nọ́ọ̀sì wọn. Nọ́ọ̀sì yẹn mú wa lọ wo yàrá ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, fáànù wà, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ní ìlànà fún gbogbo nǹkan." Òótọ́ ló sọ. Ìlànà wọn pọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́tùn-ún lósì, mo ṣàkíyèsí pé ike omi tí mo ń rọ kún fún un láràárọ̀ ń bá wa padà wálé bí mo ṣe rọ ọ́. Mo kọ́kọ́ pariwo mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Omi tí mo sè, tí mo sẹ́, o kàn ń gbé e rìn kiri!" Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Abuja ṣe rí. Ìgbà tí mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì ló tó ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Yorùbá díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni wọ́n ti máa ń gba ike omi lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n. Ìgbà ìsinmi ni wọ́n tó lè mu ún. Bí òun bá sì mu ún nígbà ìsinmi, ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n òun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé, tíṣà ò sì ní jẹ́ kí òun jáde. Ọmọkùnrin kan ti tọ̀ sára rí nínú kíláàsì wọn, orúkọ burúkú ni wọ́n sì ń pè é di bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn. "Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ń mu ún, Màmá Àgbà," ló wí. "Bí mi ò bá mu, mi ò ní tọ̀."

Ẹ gbọ́ o: ọmọ tí dókítà ní kó máa mu omi jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó wá rí i pé èyí tó rọrùn jù ni kí òun má mu omi rárá. Nítorí pé ó ń gbọ́ràn sí òfin lẹ́nu! Mo sọ fún àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ìyá rẹ̀ ní òun á pe ilé ìwé lọ́la. Ọ̀la yẹn gan-an ni ìrora dé.

Nígbà tí mo débẹ̀ láti mú un, mi ò rí i láàárín àwọn ọmọ tó ń jáde. Máígádì wọn, ará Hausa kan tó máa ń fi "sànnu, Màmá" kí mi, ló nawọ́ sí yàrá ìtọ́jú, kò rẹ́rìn-ín sí mi bí ó ti máa ń ṣe. Mo bá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì funfun yẹn, ó ká jọ, ó fi eyín di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti bó. Kí wọ́n tó lọ sinmi ló ti wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fún un ní pàrásítámọ́ọ̀lù. Wọ́n pe fóònù ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wà nínú ìpàdé. Wọ́n pe bàbá rẹ̀, ariwo ò jẹ́ kó gbọ́. Èmi tí mo wà nílé, tí mi ò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí wọn, wọn ò pè mí, torí ìlànà wọn ní òbí nìkan ni wọ́n lè pè.

Mo bi nọ́ọ̀sì pé omi ńkọ́, ṣé wọ́n fún un lómi? Ó ní ó mu díẹ̀ tó fi gbé oògùn mì. Mi ò lù ú. Ọlọ́run ló dì mí lọ́wọ́ mú. Mo gbé ọmọ náà pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ọmọ tó ti ga dé èjìká mi, máígádì sáré lọ bá wa dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, ó di ọsibítù.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọsibítù. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọ́n máa lé òun nílé ìwé. Ìyẹn ló ká mi lára jù. Ó fẹ́ràn ilé ìwé yẹn, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò, inú rẹ̀ sì máa ń dùn tó bá ń wọ aṣọ wọn láàárọ̀. Ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ káàkiri ara, ilé ìwé ló ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbà lọ́wọ́ òun.

Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, èmi ni mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ọmọ Yorùbá ni, ará Ìjẹ̀bú, kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí. Ó dìde fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí táì rẹ̀ ò fi ní kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ." Ó fún mi ní àga. Ó tún ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún mi! Mo wo omi náà, mo wò ó, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ó ṣàlàyé. Ó ní àwọn ọmọkùnrin kan ń rọ ohun tí kì í ṣe omi sínú ike, pé oògùn ikọ́ tí àwọn ọmọ ń mu bí ọtí ti wọ àwọn ilé ìwé mìíràn, òun ò sì fẹ́ kó wọ tòun. Ó ní bí òun bá ní kí wọ́n máa lọ tọ̀ nígbà tó bá wù wọ́n, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n á ti máa tàkúrọ̀sọ. "Màmá, bí mo bá gbà fún ẹnì kan, gbogbo wọn ló máa ní àwọn náà fẹ́."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn fẹ́ ẹ. Omi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní kí a lọ rò ó dáadáa, bóyá ilé ìwé mìíràn wà tó máa bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára mu. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀! Mo ní, "Irú ọmọ wo?" Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Mo ní mo ti bínú ná, kó dá mi lóhùn.

Káàdì ló fi lé mi kúrò lọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á ṣe káàdì pupa kan fún ọmọ wa, kó máa gbé e kọ́rùn, kí tíṣà tó bá rí i lè mọ̀ pé ó láṣẹ láti mu omi, ó sì láṣẹ láti jáde. Ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ títí. "Màmá, wọ́n ti gbọ́ tiwa," ni ọmọ mi wí. Mo ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni ọmọ yín ni, tí wọ́n á fi so nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn?" Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn yìí ti pẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń dúpẹ́ jù.

Kò pẹ́ tí mo fi rí káàdì náà nísàlẹ̀ báàgì ọmọ náà, ó ti ká a pọ̀. Ike omi tún ti ń kún bọ̀ wálé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Aláìsàn. Bó bá gbé omi sẹ́nu, gbogbo kíláàsì á yíjú wò ó títí á fi gbé e mì. Àwọn kan ní kó yá àwọn ní káàdì, àwọn kan ò jókòó tì í mọ́ kó má bàa ràn wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ bi í pé ìgbà wo ló máa kú, kì í ṣe pẹ̀lú ìkà o, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, jàre. Mu omi ẹ."

Ó wojú mi. "Màmá Àgbà, òùngbẹ ń gbẹ gbogbo wọn," ló wí. "Gbogbo wa là ń wo agbọ̀n yẹn. Èmi nìkan ló ń mu. Mi ò fẹ́."

Kai! Yorùbá tó dán mọ́rán ló fi sọ ọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, bí kò bá sì mu omi, ibẹ̀ náà ló ń padà lọ, òun náà sì mọ̀. Síbẹ̀ ó yàn kí egungun máa ro òun ju kí òun nìkan máa mumi lójú àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ. Olórí kunkun ni. Mo mọ ẹni tó fi jọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé òbí àti olùkọ́. Èmi àti àwọn òbí rẹ̀ la jọ lọ. Ọyẹ́ ti lọ nígbà náà, ooru ti dé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu, atẹ́gùn gbígbóná ni àwọn fáànù ń fẹ́ sí wa lára. Lórí tábìlì gíga, wọ́n to ike omi tútù síwájú ọ̀gá ilé ìwé àti àwọn tíṣà. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí; ó ń sọ̀rọ̀, ó ń mumi, ó ń mumi, ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé orí ìlera akẹ́kọ̀ọ́, ó ní ilé ìwé ti ṣètò pàtàkì fún àwọn ọmọ tí ara wọn ò le, ó sì ròyìn káàdì pupa fún wa. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́.

Mo nawọ́ sókè. Ọmọ mi rọra fà mí láṣọ. Mo já aṣọ mi gbà.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́ kó lè yé gbogbo èèyàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ọmọ máa mumi nínú kíláàsì, kí ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n sì máa lọ tọ̀. Mo ní bí wọ́n bá ń bẹ̀rù ohun tó wà nínú ike, kí gbogbo ọmọ máa lo ike tó mọ́ gaara, tí ojú lè rí inú rẹ̀, kí tíṣà sì máa gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀ bó bá wù ú. Ọ̀gá ní òun dúpẹ́, pé àwọn á gbé e yẹ̀ wò ní táàmù tó ń bọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ti ń wo ẹlòmíràn tó nawọ́.

Táàmù tó ń bọ̀! Ta ló fẹ́ bá ọmọ wa ru egungun rẹ̀ dé táàmù tó ń bọ̀?

Mo jáde láàárín àwọn àga, mo rìn lọ síwájú. Wọ́n rò pé maíìkì ni mo fẹ́ gbà. Nígbà tí mo dé iwájú tábìlì gíga, mo mú ìró mi, mo tún un ró dáadáa, mo sì kúnlẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé, orúnkún méjèèjì, lórí ilẹ̀ lásán.

Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá rò pé ooru ló mú mi. Bàbá Hausa kan dìde, ó ní kí wọ́n tètè bu omi wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jẹ́ Yorùbá níbẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn rí. "Yéè! Màmá, ẹ dìde!" "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, ọmọ yín ni!" Obìnrin kan ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ abiyamọ jẹ́, bí a tilẹ̀ ń gbé Abuja, bí a tilẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí. Bó bá kúnlẹ̀, ẹni tó kúnlẹ̀ fún ló ń sá.

Ọ̀gá ilé ìwé náà mọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré yí tábìlì ká, ike omi rẹ̀ ṣubú, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, táì, kóòtù, gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Àwa méjèèjì wá wà nílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dìde. Mo ní ìyá láyé."

"Mo mọ̀ pé o ní ìyá," mo dá a lóhùn. Mi ò lè fi ọ̀wọ̀ pè é mọ́. "Mi ò ṣépè fún ọ. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí àwọn ọmọ mumi."

"Màmá, mo gbà. Màá bá gbogbo tíṣà sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ yín, wọn ò ní..."

"Mi ò sọ pé ọmọ mi nìkan. Àwọn ọmọ ni mo sọ. Gbogbo wọn!"

Ìyàwó ọmọ mi ti ń sunkún lẹ́yìn, ojú ń tì í. Ẹ má rò pé ojú ò ti èmi náà. Orúnkún mi ń ta mí bí ẹni fi ata sí i, mo sì ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń yọ fóònù láti ya fọ́tò mi. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé mi, kí wọ́n gbé mi, mi ò ní fi ẹsẹ̀ ara mi dìde kí òfin yẹn tó kúrò.

Ìgbà náà ni obìnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó ní SS ni ọmọ tòun náà. Ó ní òun ò sọ fún ilé ìwé rí torí òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú àánú wò ó, pé irú káàdì pupa yẹn gan-an ni òun ń sá fún. Ó rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ tì mí. Ẹnì kan ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Hausa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà pariwo pé, "Haba, pírínsípà! Ruwa ne fa!" Omi ṣáá ni, ló ń wí. Gbọ̀ngàn gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀gá ilé ìwé gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó ní òun ti gbà. Mo ní kó lọ sọ ọ́ sínú maíìkì. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sọ ọ́: láti ọjọ́ Ajé, omi wọ kíláàsì fún gbogbo ọmọ, nínú ike tó mọ́ gaara, ẹni tí ìtọ̀ bá sì ń gbọ̀n kó jáde, kò sí káàdì. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Òun àti ọmọ mi ni wọ́n gbé mi dìde. Bó ṣe ń gbé mi, ó rọra sọ sí mi létí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe irú èyí sí mi mọ́ láyé." Mo ní, "Ìwọ náà, má ṣe irú èyí sí ọmọ ọlọ́mọ mọ́."

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ní mo dójú ti òun, pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀, pé kí n bá òun lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Mo ní mi ò lọ. Kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀ bẹ èèyàn ni. Àforíjì tí mi ò tọrọ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì tọrọ rẹ̀ dòní, mi ò sì ní tọrọ rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé omi wo àìsàn yẹn. Kò wò ó. Ìrora ṣì máa ń dé, a ṣì máa ń gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ilé ìwé ló ń fa ìrora náà wá bá a mọ́, wọ́n sì ti ń pè mí lórí fóònù bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí òfin tuntun yẹn bẹ̀rẹ̀, tíṣà ìṣirò wọn, ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ le, ní òun ò mọ ohun tí wọ́n sọ nípàdé, pé ẹnikẹ́ni ò ní jáde nínú kíláàsì òun. Ọmọ wa dìde. Tíṣà ní kó jókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, mò ń lọ tọ̀," ó sì rìn jáde. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé ló sọ ọ́ fún mi, ó ń wolẹ̀, ó ń retí kí n bá òun wí.

Mo ní, "Kí ni tíṣà wá ṣe?"

"Ó ń pariwo."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. "Mo tọ̀," ló wí.